Òpó Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọkọ̀ Lórúkọ: Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Àwọn Ọkọ̀ Onígbòkun nínú Ìtàn Etíkun Èkó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò orúkọ tí àwọn atukọ̀ òkun ń pe ọkọ̀ onígbòkun láyé àtijọ́, àti òye tí àwọn orúkọ náà lè fún wa nípa ìtàn etíkun Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé iye òpó tí ọkọ̀ ní, àti bí ìgbòkun ṣe tò sórí òpó náà, ni orúkọ bíi brig, schooner àti barque ń sọ. Olùkọ́ tó bá pe gbogbo wọn ní 'ọkọ̀ ojú omi' ti fi apá kan ìtàn náà sílẹ̀. A dábàá àwọn èdè-ìperí Yorùbá tí a lè fi kọ́ni, a sì ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè lò wọ́n nínú kíláàsì, pàápàá ní agbègbè Àpápá àti Ajégúnlẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá fi ojú òwe yìí wo ọkọ̀ òkun ayé àtijọ́, a ó rí i pé òpó ni àwọn atukọ̀ ń wò kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ lórúkọ. Atukọ̀ tó bá rí ọkọ̀ mìíràn lókèèrè kò lè mọ ẹrù tó gbé, kò sì lè mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ó lè ka òpó rẹ̀, ó sì lè rí bí ìgbòkun rẹ̀ ṣe tò. Ohun tí ojú rẹ̀ tó yìí ni ó fi ń pe ọkọ̀ náà lórúkọ, òun náà ni wọ́n sì ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àlejò ọkọ̀ òkun. Ọ̀pọ̀ ni òbí wọn ń jẹun nídìí iṣẹ́ èbúté, wọ́n sì mọ ọkọ̀ agbépo yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń kó kọ̀ǹténà. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ìtàn bá kan òwò ẹrú tàbí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Èkó ní 1851, ìwé tí olùkọ́ ní lọ́wọ́ yóò máa sọ nípa brig, schooner, sloop àti frigate. Olùkọ́ tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé yóò sọ pé 'ọkọ̀ ojú omi kan', yóò sì kọjá lọ. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni a ń pàdánù nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni a sì ṣe lè tún un ṣe?

Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ nínú Èdè Yorùbá

Kí a tó wo orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù ń pe ọkọ̀ wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Àwọn Yorùbá tó ń gbé létí ọ̀sà àti létí òkun, bí Àwórì, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú, ti ń bá omi ṣe pọ̀ tipẹ́. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara ìtì igi ni ọ̀rọ̀ náà 'ọkọ̀' ń tọ́ka sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ orí ilẹ̀ dé, a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. A ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí bàálù náà dé, a pè é ní ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'wà' tí a ń lò fún ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí omi náà ni a gbé fún ẹni tó ń wa mọ́tò, tí a fi ń pe ẹni tí kò dé etí omi rí ní awakọ̀. Bí èdè ṣe ń fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú nìyí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni 'gúnlẹ̀'. Ọkọ̀ ni ó ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Orúkọ Ajégúnlẹ̀, tí a ń rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ní ọ̀rọ̀-ìṣe yìí nínú: ajé dé, ó sì fìdí kalẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń ṣe nígbà tó bá kan ilẹ̀. Ajégúnlẹ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ni orúkọ náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú jù, nítorí pé iṣẹ́ èbúté Àpápá wà lára ohun tó kó Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn jọ síbẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ onígbòkun gan-an, Bíbélì Yorùbá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí. Àjàyí Crowther ni aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Ẹni tó bá ka Ísíkíẹ́lì orí 27 àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 yóò bá òpó ọkọ̀, ìgbòkun, àjẹ̀, ìdákọ̀ró àti ìdí ọkọ̀ pàdé. Ìgbòkun kò sì tíì parẹ́ lójú omi Èkó. Ní ọ̀rúndún kọkànlélógún tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó gba orí Afárá Third Mainland kọjá ti rí ọkọ̀ pákó àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà, pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n fi àjákù aṣọ àti ike rán pọ̀. Èyí fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ohun tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sì wà níwájú wa.

Ìgbòkun Ìbú àti Ìgbòkun Òòró

Bí irú ọkọ̀ onígbòkun ti pọ̀ tó, ọ̀nà méjì ni ìgbòkun pàtàkì ń gbà tò sórí òpó wọn. Ẹni tó bá ti mọ méjèèjì ti mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Ní ọ̀nà kìíní, wọ́n á fi igi gbọọrọ kan dábùú òpó bí apá àgbélébùú, wọ́n á sì so ìgbòkun onígun mẹ́rin rọ̀ sára igi náà. Ìgbòkun yìí yóò wà ní ìbú ọkọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Òun ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní square sail; a dábàá kí á máa pè é ní ìgbòkun ìbú. Ní ọ̀nà kejì, ìgbòkun yóò tò láti iwájú lọ sí ìdí ọkọ̀, etí rẹ̀ kan yóò sì so mọ́ òpó bí ilẹ̀kùn ti ń so mọ́ férémù. Òun ni fore-and-aft sail. A dábàá kí á máa pè é ní ìgbòkun òòró. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìbú àti òòró ṣàjèjì sí, nítorí ohun tí a fi ń wọn ilẹ̀, aṣọ àti yàrá ni.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Ìgbòkun ìbú dára púpọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn. Òun ni ó ń gbé ọkọ̀ ńlá kọjá agbami. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ ọkọ̀, agbára rẹ̀ dín kù. Ọkọ̀ tó gbára lé ìgbòkun ìbú kì í lè sún mọ́ ojú afẹ́fẹ́ tó bí ọkọ̀ onígbòkun òòró ti ń sún mọ́ ọn. Ìgbòkun ìbú tún ń fẹ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí yóò máa gun òpó láti tú u tàbí láti ká a. Ìgbòkun òòró ní tirẹ̀ ṣeé fi okùn darí láti ìsàlẹ̀, ènìyàn díẹ̀ sì tó o.

Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sí etíkun wa lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣàn omi òkun sì ń lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Èkó tó ń lọ sí Freetown ń dojú kọ méjèèjì. Èyí tó ń lọ sí Bràsíìlì ní láti kọ́kọ́ là á kọjá lọ sí gúúsù, títí yóò fi bọ́ sí inú afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́, tí yóò wá máa tì í láti ẹ̀yìn.

Orúkọ Àwọn Ọkọ̀ àti Ìtumọ̀ Wọn

Nínú ìsọ̀rí yìí, a ó to àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìtàn, a ó sì dábàá èdè-ìperí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(a) Ship: Lẹ́nu àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ship. Ọkọ̀ tó ní òpó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìgbòkun ìbú sì wà lórí gbogbo wọn, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Pọtogí ń pè é ní galera. A lè pè é ní ọkọ̀ olópòó-mẹ́ta oníbùú.

(b) Barque: Òun náà ní òpó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgbòkun òòró nìkan ni ó wà lórí òpó ẹ̀yìn. Barca ni àwọn Pọtogí ń pè é. A lè pè é ní ọkọ̀ olópòó-mẹ́ta ẹlẹ́yìn-òòró.

(d) Brig: Òpó méjì ni ó ní, ìgbòkun ìbú sì wà lórí méjèèjì. Brigue ni lẹ́nu àwọn Pọtogí. A lè pè é ní ọkọ̀ olópòó-méjì oníbùú.

(e) Brigantine: Òpó méjì ni òun náà ní, ìgbòkun ìbú wà lórí tiwájú, ìgbòkun òòró ni olórí lórí tẹ̀yìn. Èyí tí àwọn Pọtogí ń pè ní patacho sún mọ́ ọn. A lè pè é ní ọkọ̀ olópòó-méjì ẹlẹ́yìn-òòró.

(ẹ) Schooner: Òpó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ní, ìgbòkun òòró sì ni olórí lórí gbogbo wọn. Òmíràn máa ń fi ìgbòkun ìbú kékeré kún un lókè òpó iwájú. Escuna ni àwọn Pọtogí ń pè é. Bí òpó rẹ̀ bá jẹ́ méjì, a lè pè é ní ọkọ̀ olópòó-méjì olóòró.

(f) Cutter: Òpó kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìgbòkun òòró. A lè pè é ní ọkọ̀ olópòó-kan olóòró.

Àkíyèsí pàtàkì kan wà níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo orúkọ inú ìwé ìtàn ni ó ń tọ́ka sí òpó àti ìgbòkun. Frigate jẹ́ orúkọ ipò àti iṣẹ́ ọkọ̀ ogun. Sloop ní ìtumọ̀ méjì: lẹ́nu ọlọ́kọ̀ òwò, ọkọ̀ olópòó kan ni, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun tó kéré sí frigate ni, ó sì lè ní òpó méjì tàbí mẹ́ta. Olùkọ́ tó bá rí sloop nínú ìtàn ogun Èkó, tó sì ya ọkọ̀ olópòó kan sójú pátákó, ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ohun tí Orúkọ Ọkọ̀ ń Sọ nínú Ìtàn Òwò Ẹrú

Ní 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1808, wọ́n rán ọkọ̀ ogun méjì péré wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti máa ṣọ́ etíkun: Solebay, tí ó jẹ́ frigate olópòó mẹ́ta, àti Derwent, tí ó jẹ́ brig. Ọkọ̀ wọ̀nyí lágbára lójú ogun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn kì í ṣe ti agbára nìkan. Ẹni tí wọ́n ń lé ń sá ni.

Ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ní láti yára, nítorí pé bí ìrìnàjò bá ti pẹ́ tó ni àwọn tí wọ́n dì mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ń kú tó, òwò wọn yóò sì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò náà lo schooner, brigantine àti brig tí wọ́n kàn ní agbègbè Baltimore ní Amẹ́ríkà. Àwọn akànkọ̀ ibẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń kan ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lẹ́yìn ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì tó parí ní 1815. Kì í ṣe ìgbòkun nìkan ló ń mú wọn yára. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ara ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka orúkọ irú ọkọ̀ wọ̀nyí nínú àkọsílẹ̀ ti ní òye ohun tí ẹni tó yàn án ń ronú.

Ìtàn ọkọ̀ kan fi èyí hàn kedere. Ní September 1827, ọkọ̀ ogun Sybille, olópòó-mẹ́ta oníbùú, mú brig ará Bràsíìlì kan tó ń jẹ́ Henriqueta. Ènìyàn 569 ni wọ́n bá nínú rẹ̀, Èkó ni wọ́n sì ti kó wọn. Ọkọ̀ yìí yára púpọ̀. Kàkà kí wọ́n tà á fún oníṣòwò mìíràn tí yóò dá a padà sídìí òwò náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì rà á, wọ́n sọ ọ́ ní Black Joke, wọ́n sì fi í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Sybille. Ní 1 February 1829, lẹ́yìn tí ó ti lépa fún wákàtí 31, Black Joke mú El Almirante, brig Sípéènì kan. Ìbọn ńlá 14 ni El Almirante ní, Black Joke ní méjì péré. Ènìyàn 466 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní May 1832, nígbà tí pákó Black Joke ti jẹrà, wọ́n dáná sun ún.

Bí a bá sọ ìtàn yìí pé 'ọkọ̀ ojú omi kan mú ọkọ̀ ojú omi kejì', òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ ti bọ́ sọnù. Kókó rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ogun olópòó mẹ́ta nìkan kò tó iṣẹ́ náà; ó di ìgbà tí wọ́n lo ọkọ̀ olópòó méjì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú kí wọ́n tó lè lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá.

Ìtàn Àjàyí, ọmọ Òṣoogùn, kún èyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní April 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí Esperança Felix ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Myrmidon àti Iphigenia, olópòó mẹ́ta méjèèjì, ni ó gbà wọ́n sílẹ̀. Kò gúnlẹ̀ sí Freetown títí di 17 June ọdún náà. Nǹkan bí oṣù méjì àtààbọ̀ ni ọmọkùnrin yìí fi wà lórí omi, nínú ọkọ̀ ogun tó ṣì ń bá iṣẹ́ ìṣọ́ etíkun lọ. Ẹni náà ni ó wá di Àjàyí Crowther. Ọmọ tí ọkọ̀ onígbòkun gbé lọ ni ó darí iṣẹ́ ìtumọ̀ tí a ti rí òpó ọkọ̀ àti ìgbòkun kà ní Yorùbá. Kò yẹ kí àwa tí a jogún ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́ kí wọ́n ṣòfò.

Ọkọ̀ onígbòkun náà kò sì gbé ènìyàn lọ nìkan. Ó gbé wọn padà wá pẹ̀lú. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, patacho kan tó ń jẹ́ Aliança gbé àwọn Àgùdà láti Bahia wá sí Èkó. Àwọn ọmọ irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ni ó kún Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó.

Ẹnu Ọ̀sà Èkó, Ọkọ̀ Eléèéfín àti Àpápá

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà Èkó. Yanrìn abẹ́ omi dí ẹnu ọ̀sà náà, ìgbì sì ń ru lórí rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun tó bá dánwò níbẹ̀ wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dá, ìgbì yóò gbé e lu yanrìn. Nítorí náà, lójú òkun níta ni wọ́n ń ju ìdákọ̀ró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò sì máa kó ènìyàn àti ẹrù lọ bá wọn.

Ẹ̀rọ ooru ni ó yí èyí padà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Kòsọ́kọ́ jà ní December 1851, nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgìdìngbì, Bloodhound àti Teaser, tí ẹ̀rọ ooru ń gbé, ni wọ́n mú wọ inú ọ̀sà, nígbà tí ọkọ̀ ńlá bíi Penelope dúró sí òkun. Ní 1852, wọ́n dá African Steam Ship Company sílẹ̀ láti máa fi ọkọ̀ eléèéfín gbé lẹ́tà àti ẹrù wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1861, ọkọ̀ ogun eléèéfín mìíràn, Prometheus, ni wọ́n fi halẹ̀ mọ́ Ọba Dòsùnmú kí ó tó fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún wọn ní 6 August. Àwọn ọkọ̀ eléèéfín wọ̀nyí ṣì ní òpó àti ìgbòkun fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n òpó kọ́ ni ó ń pinnu ibi tí wọ́n lè dé mọ́.

Láti 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ṣe odi sẹ́nu ọ̀sà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tó di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé. Ní 1921, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1926. Èbúté Tin Can Island tẹ̀lé e ní 1977, lẹ́yìn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì ti tò sójú òkun ní 1975 láìríbi gúnlẹ̀.

Nígbà tí òpó parẹ́, ìlànà ìsọlórúkọ náà yí padà. Ohun tí ọkọ̀ gbé ni a fi ń pè é báyìí: agbépo, akó-kọ̀ǹténà, akẹ́jà. Ìdí nìyí tí orúkọ àtijọ́ fi ṣàjèjì sí ọmọ Àpápá tó mọ ọkọ̀ òde òní dunjú. Ìmọ̀ rẹ̀ kò kéré; ìlànà tí a fi ń sọ ọkọ̀ lórúkọ ni kò bá a mọ́.

Ìwúlò fún Olùkọ́

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ (1984), tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì (1990), ti là ọ̀nà fún wa nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn náà tẹ̀ sí ọ̀nà yìí. Èdè-ìperí tí a dábàá rọrùn, nítorí ìbéèrè méjì péré ni ó ń dáhùn: òpó mélòó? Ìbú ni tàbí òòró?

Olùkọ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìná owó púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú pákó pẹlẹbẹ, igi ìgbálẹ̀ àti bébà wá. Kí wọ́n ri òpó mọ́ pákó, kí wọ́n lẹ bébà sí ìbú tàbí sí òòró, kí wọ́n sì sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ. Kí wọ́n gbé e sínú ọpọ́n omi, kí wọ́n sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ wá ka ìtàn Black Joke fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ to ìgbòkun kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí tí ọkọ̀ kan fi lè lé èkejì bá.

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé orúkọ ọkọ̀ onígbòkun jẹ́ àpèjúwe òpó àti ìgbòkun, àti pé àpèjúwe yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn etíkun Èkó. A tún ti fi hàn pé Yorùbá ní òpó, ìgbòkun, ìbú àti òòró, tí a lè fi pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó yé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ, nínú wọn náà ni àwọn díẹ̀ sì padà dé. Àbá wa ni pé kí àwọn olùkọ́ni lágbà àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbé àwọn èdè-ìperí yìí yẹ̀ wò, kí wọ́n tún èyí tó bá yẹ ṣe, kí wọ́n sì mú wọn wọ kíláàsì. Kò bójú mu kí èdè tó ní ọ̀rọ̀ fún gúnlẹ̀ má lè sọ irú ọkọ̀ tó gbéra.